Kò Sẹ́ni Tó Ń Gbọ́ Ìhanrun Ara Rẹ̀

Nílẹ̀ wa, a kì í kí èèyàn láàárọ̀ ká má bèèrè bó ṣe jí. "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lẹ jí?" Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, tí oníkálùkù fẹ́ wọlé lọ sùn, àdúrà wa ni pé kí Ọlọ́run jí wa ire. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Àwọn tó dá ìkíni yìí sílẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó sùn ló ń jí. Wọ́n mọ̀ pé oorun dà bí ìrìn-àjò téèyàn ń dá nìkan rìn, tí ará ilé á sì máa bèèrè láàárọ̀ bóyá arìnrìn-àjò ti dé láyọ̀.

Nínú ilé tiwa ní Mọ́lété, nílùú Ìbàdàn, kò sẹ́ni tí kò mọ ìhanrun Bàbá wa. Yàrá kejì làwa ọmọ ń sùn, ògiri wà láàárín, síbẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ìlọta ló ń dún sí wa létí. Tí àlejò bá fẹ́ sùn lọ́dọ̀ wa, a ti máa ń sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má sá o, pé kì í ṣe ọkọ̀ àjàgbé ló ya wọ ilé. Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ló ń hanrun. Ẹ̀yin ọ̀lẹ, ẹ dákẹ́ ńbẹ̀."

Ìyá wa nìkan ni kì í bá wa rẹ́rìn-ín. Ohun tí à ń gbọ́ kọ́ ni wọ́n ń gbọ́. Àwa ń gbọ́ ariwo, àwọn ń gbọ́ ibi tí ariwo náà ti ń dákẹ́. Wọ́n sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé ìhanrun náà á lọ, á lọ, á wá dákẹ́ lójijì. Àyà Bàbá á ṣì máa lọ sókè sódò, àmọ́ èémí ò wọlé, kò sì jáde. Ìyá wa á bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú òkùnkùn: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Nígbà mìíràn wọ́n á ka ogún, nígbà mìíràn ọgbọ̀n, kí Bàbá tó ta gìrì, kí wọ́n tó fa èémí sínú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú odò, kí ìhanrun tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún mélòó ni Ìyá wa fi ń ka iye yìí lóru, tí àwa ń fi ohun kan náà ṣe àwàdà lọ́sàn-án? A ò fẹ́ ṣírò rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ní orúkọ, ó sì ní ìtàn. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní sleep apnea. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni apnea, àìmí ló túmọ̀ sí: kéèyàn má mí lójú oorun.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Béèyàn bá sùn, iṣan ara ń dẹ̀, iṣan tó ń di ọ̀nà ọ̀fun mú náà sì ń dẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, kò sí wàhálà. Fún àwọn mìíràn, bóyá nítorí ọ̀rá tó yí ọrùn ká, bóyá nítorí bí egungun àgbọ̀n ṣe rí, ọ̀nà náà á fún. Afẹ́fẹ́ tó ń fi tipátipá gba ibi tóóró yẹn kọjá ló ń dún tí à ń pè ní ìhanrun. Bí ọ̀nà bá wá pa dé pátápátá, ìhanrun á dákẹ́, èémí á dúró. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ á máa dín kù, títí ọpọlọ á fi jí ẹni náà díẹ̀, ìwọ̀nba kí ọ̀fun lè là. Láàárọ̀, kò ní rántí ohunkóhun.

Bí ìdádúró kan bá ti tó ìṣẹ́jú àáyá 10, àwọn dókítà á kà á. Bó bá tó 5 láàárín wákàtí kan, ó ti di nǹkan. Bó bá tó 30, ó ti le. Ẹ gbé 30 sórí oorun wákàtí méje: ìgbà 210 ni wọ́n ti jí ẹni náà kílẹ̀ tó mọ́. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sùn? Abájọ tí orí fi ń fọ́ ọ láàárọ̀, tó ń tòògbé lọ́sàn-án, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí oògùn ò ká a. Ìṣòro ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, jàǹbá ọkọ̀ náà ò jìnnà.

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín o. Lọ́dún 1836, Charles Dickens bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn The Pickwick Papers jáde díẹ̀díẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Joe, ọmọ tó sanra bọ̀kọ̀tọ̀, tó ń sùn níbikíbi tó bá wà, tó sì ń hanrun lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn òǹkàwé rẹ́rìn-ín títí. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè ohun tó ń ṣe ọmọ náà lóru.

Ó di ọdún 1956 kí dókítà kan ní Amẹ́ríkà, C. Sidney Burwell, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kọ̀wé nípa oníṣòwò kan tó sanra gidi. Ọkùnrin náà ń ta káàdì pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n pín káàdì fún un, káàdì tó yẹ kó fi jẹ wọ́n ni, ṣùgbọ́n ó ti sùn lọ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ló gba ilé ìwòsàn lọ. Àwọn dókítà náà rántí Joe inú ìwé Dickens, ni wọ́n bá fi ìwé yẹn sọ àìsàn náà lórúkọ, wọ́n ní àìsàn Pickwick. Ẹ ò rí i pé orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un, inú àwàdà ló ti wá? Ọ̀rá ara àti oorun ojúmọmọ ni wọ́n tẹjú mọ́. Wọ́n rò pé afẹ́fẹ́ burúkú tó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń kun ọkùnrin náà lóorun.

Ọdún 1965 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Henri Gastaut àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Marseille, ní ilẹ̀ Faransé, àti Jung àti Kuhlo ní Jámánì, so wáyà mọ́ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lára, wọ́n sì ṣọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń sùn. Kí ni wọ́n rí? Ohun tí Ìyá wa ń kà ní Mọ́lété ni wọ́n rí: èémí tó ń dúró, tó ń padà bọ̀, tó tún ń dúró. Bí wọ́n bá ti bi ìyàwó ẹnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀, á ti sọ fún wọn.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn lóṣù kọkànlá ọdún 1957, ọdún kan péré ló ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin oníkáàdì yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ti Mọ́lété lọ síbẹ̀ lè gba Bodè, kó gba Ìdí-Arẹrẹ, kó kọjá ní Ọjà'ba àti ìsàlẹ̀ Màpó, kó já sí Bẹẹrẹ kó tó máa lọ. Gbogbo ìdáhùn tí àwọn èèyàn wa ní sí ìhanrun wà lójú ọ̀nà yẹn. Ní ọjà Bodè, àwọn lékulẹ́ja wà níbẹ̀ pẹ̀lú ewé àti egbò, wọ́n á bá ẹ di àgbo. Lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, wọ́n á ní oorun àsùnwọra ni, ara ló tu èèyàn. Àwọn kan á ní nǹkan ń bá ẹni náà jà lójú oorun, pé àdúrà òru ló kàn.

A ti máa ń fi ìdáhùn tó kẹ́yìn yìí ṣe yẹ̀yẹ́, àwa tá a kàwé. Ṣùgbọ́n nígbà tá a wá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ojú tì wá díẹ̀. Ẹni tó sọ pé nǹkan ń bá Bàbá jà lójú oorun ti sún mọ́ òótọ́ ju àwa tá à ń sín ìhanrun wọn jẹ lọ. Ìjà ni lóòótọ́. Àyà ń fa, ọ̀fun ò gbà. Ẹni tó rò pé ìjà ni, ó kéré tán, ó fetí sílẹ̀.

Orúkọ sleep apnea tá à ń pè é lónìí di mímọ̀ lọ́dún 1976, nígbà tí Christian Guilleminault àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford, ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Ìtọ́jú wo ló wà nígbà yẹn? Láti nǹkan bí ọdún 1969, wọ́n ti ń dá ihò sí ọrùn aláìsàn, nísàlẹ̀ ibi tí ọ̀nà ti ń pa dé, kí èémí lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Ó ṣiṣẹ́. Ó gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa gbé ihò kiri lọ́rùn títí ayé?

Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé ní Sydney, ní Ọsirélíà, kò fẹ́. Oṣù kẹfà ọdún 1980 ni. Àìsàn náà ti wọ̀ ọ́ lára gan-an, wọ́n ní kó wá gba ihò sí ọrùn, ó ní láéláé. Dókítà Colin Sullivan wá bi í bóyá ó lè bá òun dán nǹkan wò. Mọ́tò ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku nílẹ̀ ilé ni Sullivan lò, kàkà kó máa fa afẹ́fẹ́, ó ń fẹ́ ẹ jáde. Ó fi rọ́bà gbé afẹ́fẹ́ náà wá sínú ìbòmú tí wọ́n ṣe sí ìwọ̀n imú aláìsàn, àtè ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú. Ọkùnrin náà sùn. Èémí rẹ̀ ò dúró mọ́.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ ò ju ti fọ́kanáísà lọ. Bí táyà kò bá ní afẹ́fẹ́ nínú, á rọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Fún un láfẹ́fẹ́, á dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ náà ṣe ń di ọ̀nà ọ̀fun mú kó má lẹ̀ pọ̀. Kì í bá èèyàn mí o, ẹni náà ló ń mí fúnra rẹ̀. Ọ̀nà ló ń là sílẹ̀. Lọ́dún 1981, Sullivan kọ ìròyìn aláìsàn márùn-ún sínú ìwé The Lancet. Nígbà tó fi máa di 1985, àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ṣe é tà. CPAP ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1993, ìwádìí kan ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 30 sí 60, ọkùnrin 4 àti obìnrin 2 ló ní àìsàn náà tòun ti oorun ojúmọmọ. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ ṣírò pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan èèyàn lágbàáyé. Wọn ò ní Mọ́lété ò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà tí ìtàn yìí gbà wọ ilé wa nìyí. Bàbá wa sùn lórí sítíárì lábẹ́ afárá Mọ́lété. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni, ọkọ̀ ò lọ, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀nà là, àwọn tó wà lẹ́yìn fọn fèrè títí, wọ́n bú títí, kí ẹnì kan tó sọ̀ kalẹ̀ wá gbá gíláàsì. Bàbá délé, wọ́n sọ ọ́ bí àwàdà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo wa ń rò ó pé ká ní ojú títì márosẹ̀ ni ńkọ́?

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń ru, dókítà bi Bàbá pé, "Sà, ṣé ẹ máa ń hanrun?" Bàbá ní, "Rárá o." Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa. Wọn ò gbọ́ ọ rí. Ìyá wa ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀." Wọ́n mú fóònù jáde. Wọ́n ti gba ohùn òru mẹ́ta sílẹ̀. Gbogbo wa jókòó síbẹ̀, à ń gbọ́ ìhanrun, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́. Dókítà wo aago rẹ̀. Bàbá wa fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn.

Dókítà mú ìwé kan wá tí wọ́n ń pè ní STOP-BANG. Ìbéèrè mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Frances Chung àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto, ní Kánádà, ló ṣe é lọ́dún 2008 fún àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, ó sì wúlò gan-an níbi tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò oorun ti wọ́n. Ó bèèrè ìhanrun, àárẹ̀ ojúmọmọ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìsanra, ọjọ́ orí, bí ọrùn ṣe tóbi tó, àti bóyá ọkùnrin ni. Ìbéèrè kẹta ló dùn mọ́ wa jù: ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i pé ẹ ò mí lójú oorun? Aláìsàn ò lè dáhùn ìyẹn. Ẹni tó sùn tì í ló ni ín.

Wọ́n ṣe àyẹ̀wò òru kan fún Bàbá nílé, pẹ̀lú nǹkan kékeré tí wọ́n kì bọ ìka àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ nímú. Ìgbà 41 láàárín wákàtí kan ni èsì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà lókè òkun ló bá wa wá ẹ̀rọ. Kó tó fi ránṣẹ́, a ní kó yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò dáadáa, torí lóṣù kẹfà ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Philips kéde pé kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀rọ padà nítorí fóòmù inú wọn tó lè bàjẹ́ kí ẹni tó ń lò ó sì fà á símú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ẹ ṣàkíyèsí. Tiwa kò sí lára wọn.

A rò pé ìṣòro ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lóru àkọ́kọ́, Bàbá lo ìbòmú náà fún nǹkan bí wákàtí kan, wọ́n yọ ọ́ sọ nù. Wọ́n ní ó dà bí ẹni tó gbé ojú síta lórí ọkọ̀ tó ń sáré. Ẹnu wọn gbẹ, afẹ́fẹ́ ń jò sí wọn lójú, àmì dégbò sórí imú wọn. Ọmọ-ọmọ wọn yọjú wo yàrá, ó figbe ta pé egúngún wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ní, "Ṣé bí mo ṣe máa lo ìyókù ayé mi nìyí?" A ò mọ ohun tá a máa sọ. Àgbàlagbà kì í fẹ́ kí ìyàwó òun máa wo òun bí aláìsàn lórí ibùsùn.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ kò tóbi. Dókítà ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, lójú ríran, nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ rédíò, kó lè mọ́ wọn lára. Wọ́n pààrọ̀ ìbòmú sí èyí tó kéré sí i. Wọ́n ṣètò ẹ̀rọ náà kó máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ díẹ̀, kó máa pọ̀ sí i bí oorun bá ṣe ń wọlé. Fífọ ìbòmú pẹ̀lú ọṣẹ láràárọ̀ di iṣẹ́ ọmọ tó bá kọ́kọ́ jí. Nígbà ọyẹ́, àyẹ̀wò àsẹ́ tó ń gba eruku di dandan.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Ẹ̀rọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sydney kò mọ̀ pé iná lè lọ láago méjì òru. Orílẹ̀-èdè wa ti pààrọ̀ orúkọ àwọn tó ń pín iná títí: ECN, NEPA lọ́dún 1972, PHCN lọ́dún 2005, lẹ́yìn náà àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lóṣù kọkànlá ọdún 2013. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná Band A ga, àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́. Wákàtí mẹ́rin ló kù, òru ńkọ́? Bí iná bá lọ, Bàbá á jí pẹ̀lú ìbòmú tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹnì kan nínú wa ní ká gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé. Ìyá wa ní rárá, pé èéfín rẹ̀ ti pa odindi ìdílé rí nílẹ̀ yìí, ká má fi ohun tó ń pa èémí tọ́jú èémí. A dá owó jọ, ó pẹ́, ó sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ, àmọ́ a ra bátìrì àti inverter. A tún rí i pé bí a bá pa ibi tó ń gbé omi gbóná nínú ẹ̀rọ náà, iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, bátìrì á gbé e dé àárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù, ẹnì kan ń hanrun nílé yín. Ìhanrun nìkan kì í ṣe àìsàn o. Ẹ fetí sí ibi tó ti ń dákẹ́. Bó bá ń dákẹ́, ẹ kà á. Fóònù yẹn náà lè gba ohùn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Àwa táa gbọ́, táa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, apirọrọ ni wá.

Yàrá Bàbá ti dákẹ́ báyìí lóru. Ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé Ìyá wa ò rí oorun sùn nínú ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó pẹ́ tí ìdákẹ́jẹ́ ti túmọ̀ sí ewu fún wọn. Ní oṣù àkọ́kọ́, wọ́n á na ọwọ́ nínú òkùnkùn, wọ́n á gbé e síwájú ìbòmú, títí wọ́n á fi mọ afẹ́fẹ́ lára lórí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó padà sùn. A ò mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣíwọ́ kíkà. A kàn mọ̀ pé láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá ló kọ́kọ́ jí, tí wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àmì ìbòmú lójú, tí wọ́n ń dúró kí Ìyá wa lajú kí wọ́n lè bi wọ́n pé, "Ìyá wọn, ṣé dáadáa lẹ jí?"